Nọ́ńbà Kan, Fóònù Mẹ́ta: Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Nẹ́tíwọ́ọ̀kì So Àwọn Ẹ̀rọ Yín Pọ̀

Ẹni tó ń tajà lóde òní kì í sábà ní fóònù kan ṣoṣo. Ọ̀kan wà tí àwọn oníbàárà ti mọ nọ́ńbà rẹ̀ tipẹ́, ọ̀kan wà fún WhatsApp àti fọ́tò ọjà, kọ̀ǹpútà alágbèéká sì wà ní ṣọ́ọ̀bù. Síbẹ̀, oníbàárà á pè, á ní nọ́ńbà náà kò lọ. Á fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, fóònù tó wọlé sí á wà nílé níbi tí wọ́n ti ń ṣájì rẹ̀. Ohun tó ń fa èyí ni pé ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ń dá iṣẹ́ tirẹ̀ ṣe, kò sí ohun tó so wọ́n pọ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló yẹ ká fi iṣẹ́ ìsopọ̀ yẹn lé lọ́wọ́. Fóònù lè kú, ó lè bọ́ sómi, wọ́n sì lè jí i, ṣùgbọ́n àṣẹ tí ẹ bá ti fi sọ́dọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì á ṣì máa ṣiṣẹ́.

Kí ẹ tó tẹ ohunkóhun, ẹ mú ìwé kan, kí ẹ kọ gbogbo láìnì tí ẹ ní sílẹ̀: nọ́ńbà wo ló wà nínú fóònù wo, ta ló ń di fóònù náà mú, orúkọ àti NIN ta ló wà lórí láìnì náà. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ṣe pàtàkì gan-an. Bí síìmù bá sọnù, ẹni tí láìnì náà wà lórúkọ rẹ̀ nìkan ni wọ́n máa fún ní òmíràn. Bó bá jẹ́ orúkọ ọmọọṣẹ́ tó ti lọ ló wà lórí láìnì tí gbogbo oníbàárà mọ̀, ẹ kọ́kọ́ yanjú ìyẹn ní ọ́fíìsì nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín. Lẹ́yìn náà, ẹ mú nọ́ńbà kan ṣoṣo ní olórí. Nínú àlàyé yìí, a ó máa pe láìnì olórí ní A, a ó sì máa pe láìnì tó wà nínú fóònù kejì ní B.

Ìpè: àṣẹ mẹ́rin tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì mọ̀

Gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ní àkójọ ńlá kan tó fi ń tọ́jú ọ̀rọ̀ láìnì kọ̀ọ̀kan: ibi tí láìnì náà wà lọ́wọ́lọ́wọ́, àti ibi tó yẹ kí wọ́n darí ìpè rẹ̀ sí bí ẹ kò bá lè gbé e. Nígbà tí ẹ bá tẹ kóòdù ìdarí ìpè, inú àkójọ yẹn ni ó ń lọ, kì í ṣe inú fóònù. Ìdí nìyẹn tó fi ń ṣiṣẹ́ bí fóònù bá tilẹ̀ kú. Ìdí kan náà ni kò fi ní kúrò bí ẹ bá yọ síìmù sínú fóònù mìíràn. Ọ̀pọ̀ ló ti gbàgbé èyí, tí wọ́n ra fóònù tuntun nítorí pé ti àtijọ́ kò dún mọ́, nígbà tó jẹ́ pé ìdarí tí wọ́n fi síbẹ̀ ní ọdún tó kọjá ló ń kó ìpè wọn lọ.

Nọ́ńbà mẹ́rin ni ẹ máa mọ̀. 21 ń darí gbogbo ìpè, fóònù yín kò ní dún rárá. 67 ń darí ìpè tó bá bá yín lórí ìpè mìíràn. 61 ń darí èyí tó dún tí ẹnikẹ́ni kò gbé. 62 ń darí ìpè nígbà tí fóònù bá kú tàbí tí kò bá sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Àmì tó bá ṣáájú nọ́ńbà yìí ló ń sọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe: ** ń fi àṣẹ síbẹ̀, *# ń béèrè ohun tó wà níbẹ̀, ## sì ń pa á rẹ́.

Ẹ má fi 21 bẹ̀rẹ̀. Èyí tí gbogbo ènìyàn ń kọ́kọ́ gbọ́ nípa rẹ̀ nìyẹn, òun náà ló sì ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. 62 ló wúlò jù fún ẹni tí iná ń dààmú, nítorí pé kò ní ṣe nǹkan kan títí di ìgbà tí bátìrì bá tán. Ẹ fi láìnì A tẹ:

**62*+234XXXXXXXXXX#

Nọ́ńbà B ni ẹ máa fi rọ́pò àwọn X wọ̀nyẹn, láìsí òdo àkọ́kọ́. Ẹ fi +234 sí i ní gbogbo ìgbà, nítorí pé nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òdo lè dàrú bí ẹ bá kúrò nílùú. Bí fóònù yín bá ń lo síìmù méjì, ó máa bi yín pé síìmù wo ni kí ó fi pè. Ẹ fara balẹ̀ níbí yìí, torí bí ẹ bá mú èyí tí kì í ṣe A, láìnì mìíràn ni ẹ ti darí.

61 ní ohun kan tí àwọn yòókù kò ní, ìyẹn iye ìṣẹ́jú àáyá tí fóònù máa dún kí ìpè tó kọjá:

**61*+234XXXXXXXXXX*11*20#

11 túmọ̀ sí pé ìpè ohùn nìkan ni, 20 sì ni iye ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ lè fi 5, 10, 15, 20, 25 tàbí 30 síbẹ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò mọ iye mìíràn. Bí ẹ bá lo 5, fóònù yóò ti dákẹ́ kí ẹ tó yọ ọ́ nínú àpò. Bí ẹ bá lo 30, ọ̀pọ̀ oníbàárà á ti gbé e kalẹ̀ kí ìpè tó dé ọ̀dọ̀ B. 15 tàbí 20 ló dára fún ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ béèrè lọ́wọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì bóyá ó gbà: *#62# àti *#61#. Nọ́ńbà B gbọ́dọ̀ hàn lójú fóònù. Bí nọ́ńbà tí ẹ kò mọ̀ bá hàn kí ẹ tó fi ohunkóhun síbẹ̀, ó lè jẹ́ ti àpótí ohùn (voicemail) tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi sílẹ̀ fúnra rẹ̀; àṣẹ tuntun yín á gba ipò rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ “Connection problem or invalid MMI code” ló hàn, ẹ wò ó bóyá àlàfo kan wọ àárín kóòdù, bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì lágbára níbi tí ẹ wà, àti bóyá irú láìnì tí ẹ ń lò gba ìdarí ìpè. Ẹ tún lè gba inú Settings ti app ìpè wọlé síbi “Call forwarding”. Bó bá ṣì kọ̀, 300 ni nọ́ńbà tí gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní Nàìjíríà ń lò fún ìrànlọ́wọ́. Ẹ ní kí wọ́n ṣí ìdarí ìpè fún yín.

Owó ńkọ́? Ẹni tó pè yín ń san owó ìpè láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ dé A. Láti A dé B, owó láìnì A ni wọ́n máa ń yọ, bí ẹni pé ẹ̀yin lẹ pe B. Bí kò bá sí owó lórí A, ìpè lè já láàárín ọ̀nà. Ẹ máa fi owó díẹ̀ sílẹ̀ lórí rẹ̀ ní gbogbo ìgbà.

Nọ́ńbà ẹni tó pè ló sábà máa ń hàn lójú fóònù B, kì í ṣe nọ́ńbà A. Nítorí náà, bó bá jẹ́ ọmọọṣẹ́ tàbí àbúrò yín ló di B mú, ẹ sọ fún un kí ó máa fi orúkọ ṣọ́ọ̀bù dáhùn. Bí oníbàárà bá gbọ́ ohùn tí kò mọ̀, tí ẹni náà sì ní “Ta ni?”, á rò pé òun ṣi nọ́ńbà pè, á sì gbé e kalẹ̀.

Ẹ fi èyí sọ́kàn dáadáa: ìdarí ìpè kì í darí àtẹ̀jíṣẹ́. Kóòdù tí báńkì ń fi ránṣẹ́ kò ní kúrò lórí síìmù A. Ẹni tó bá fi fóònù A sílẹ̀ nílé ní Ìbàdàn tó sì wà ní Èkó, tó ń retí kóòdù báńkì, kò ní rí i lórí B.

Fóònù síìmù méjì: ibi tí ìpè ń sọnù sí

Ọ̀pọ̀ fóònù síìmù méjì ní ẹ̀rọ rédíò kan ṣoṣo nínú. Bí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ lórí síìmù kìíní, síìmù kejì kò sí lórí afẹ́fẹ́ rárá. Ẹni tó bá pè é á gbọ́ pé nọ́ńbà náà kò lọ. Kì í ṣe pé fóònù bàjẹ́, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn fóònù tuntun kan ti borí rẹ̀. 62 yìí kan náà ni oògùn rẹ̀.

Ká ní A ni síìmù kìíní, tí láìnì mìíràn, ẹ jẹ́ ká pè é ní D, sì jẹ́ síìmù kejì nínú fóònù kan náà. Ẹ fi D tẹ 62 pẹ̀lú nọ́ńbà A. Lẹ́yìn náà, ẹ fi A tẹ *43#, èyí tó ń jẹ́ kí ìpè kejì lè wọlé nígbà tí ẹ bá wà lórí ìpè kìíní. Láti ìsinsìnyí lọ, bí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ lórí A tí ẹnìkan pe D, ìpè náà á yà sí A, ẹ ó sì gbọ́ ohùn kékeré kan ní etí pé ẹnìkan ń dúró. Àṣẹ 62 ti A, ẹ fi sílẹ̀ kó máa lọ sí fóònù B gẹ́gẹ́ bí ẹ ti ṣe é. Bí bátìrì bá wá kú pátápátá, ìpè D á lọ sí A, A á sì taari rẹ̀ sí B.

Ẹ má ṣe darí A sí D kí ẹ tún darí D sí A. Nígbà tí fóònù bá kú, láìnì méjèèjì á máa ti ìpè síra wọn títí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi máa já a, ẹni tó ń pè kò sì ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Àṣìṣe kan náà ni bí B náà bá tún ń darí ìpè padà sí A. Ẹ fi *#62# àti *#61# yẹ B wò kó tó di pé ẹ gbẹ́kẹ̀ lé e.

Ọ̀rọ̀ 67 àti 43 máa ń rú àwọn ènìyàn lójú. Bí ẹ bá ti tan 43, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò tún ka láìnì yín sí èyí tó dí mọ́, nítorí náà 67 kò ní gba ìpè kejì lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá kọ ìpè kejì náà, ìgbà yẹn ni 67 á gbé e lọ sí B. Bí ẹ kò bá sì dá a lóhùn, 61 ló máa gbé e lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá tí ẹ yàn. Torí náà, ẹ fi 67 síbẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà B, kí pípa ìpè kejì má di pípàdánù oníbàárà.

Ìgbà kan ṣoṣo tí 21 dára ju àwọn yòókù ni ìgbà tí ẹ bá ń lọ sókè òkun. Bí ẹ bá gbé láìnì A lọ sí Lọ́ńdọ̀nù tó sì wà ní títàn níbẹ̀, ìpè á kọ́kọ́ rìn dé ọ̀dọ̀ yín kí 61 tó dá a padà sí Nàìjíríà, ẹ sì lè san owó àlọ àti owó àbọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti tẹ 21 kí ẹ tó wọ ọkọ̀ òfurufú, ilé ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì á ti yí ìpè náà sí B. Kò ní jáde kúrò ní Nàìjíríà. Bí ẹ bá padà dé sílé, ##21# ló ń pa á rẹ́. Bí ẹ bá máa pẹ́ lọ́hùn-ún, ẹ rí i pé láìnì náà ń náwó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí láìnì tí kò bá ná kọ́bọ̀ fún oṣù mẹ́fà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní àṣẹ láti tì í, wọ́n sì lè padà tà á fún ẹlòmíràn.

WhatsApp lórí ẹ̀rọ márùn-ún

Àkáǹtì WhatsApp kan lè wà lórí fóònù olórí kan àti ẹ̀rọ mẹ́rin mìíràn. Láti ọdún 2021 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí kọ̀ǹpútà dá ṣiṣẹ́ bí fóònù olórí kò bá tilẹ̀ sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní oṣù kẹrin ọdún 2023 ni wọ́n fi fóònù kún un. Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, ẹni tó bá sì fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí yín ń fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan láìmọ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ fi ń wọlé sí kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù nígbà tí fóònù olórí bá ti kú.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà rèé. Wọ́n á fi WhatsApp sórí fóònù kejì, wọ́n á tẹ nọ́ńbà A síbi tó ti ń béèrè nọ́ńbà, wọ́n á fi kóòdù tó wọlé sí i. Fóònù kìíní á sì jáde lójú ẹsẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n gbé àkáǹtì kúrò níbì kan lọ síbòmíràn, wọn kò so fóònù méjì pọ̀. Lórí fóònù kejì tó jẹ́ Android, bí ẹ bá ti dé ibi tó ti ń béèrè nọ́ńbà, ẹ má tẹ nọ́ńbà kankan. Ẹ tẹ àmì tóótòòtó mẹ́ta tó wà ní igun òkè, kí ẹ mú “Link as companion device”. Àwòrán onígun mẹ́rin kan á yọ. Ní báyìí, ẹ mú fóònù olórí, ẹ wọ “Linked devices”, ẹ tẹ “Link a device”, ẹ fi ìka yín sí i bó bá béèrè, kí ẹ wá gbé kámẹ́rà sójú àwòrán náà. Ẹ fi fóònù méjèèjì sílẹ̀ lórí dátà tàbí Wi-Fi, kí ẹ má sì ti WhatsApp pa, títí tí àwọn ọ̀rọ̀ àtijọ́ á fi kọjá. Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ àtijọ́ ló máa kọjá. Àwọn tó sún mọ́ ìsinsìnyí ló ń lọ, ìyókù wà lórí fóònù olórí.

Fún kọ̀ǹpútà, web.whatsapp.com ni, tàbí app tí wọ́n ṣe fún Windows àti Mac. Bí kámẹ́rà fóònù bá ti fọ́, ẹ mú ọ̀nà nọ́ńbà fóònù: kọ̀ǹpútà á fún yín ní kóòdù onílẹ́tà mẹ́jọ, ẹ ó sì tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù olórí nínú “Linked devices”. Bí kọ̀ǹpútà náà bá jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, ẹ yọ àmì kúrò níbi “Stay logged in”.

Ẹ gbọ́dọ̀ ṣí WhatsApp lórí fóònù olórí kó tó pé ọjọ́ mẹ́rìnlá. Bí ọjọ́ mẹ́rìnlá bá kọjá láìlò ó, gbogbo ẹ̀rọ mẹ́rin yòókù á jáde. Ẹni tó bá fi fóònù olórí sí dúrọ́ọ̀ nílé, ẹ fi ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀ sílẹ̀ fún títàn án.

Bí ọ̀rọ̀ bá ń pẹ́ wọlé sórí fóònù kejì, tó jẹ́ pé ìgbà tí ẹ bá ṣí WhatsApp ni wọ́n ń ya wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, bátìrì ló fà á. Ọ̀pọ̀ fóònù Android tówó wọn mọ níwọ̀n ló máa ń pa app tí kò sí lójú iṣẹ́ kí bátìrì lè pẹ́. Ẹ lọ sí Settings, Apps, WhatsApp, Battery, kí ẹ mú “Unrestricted”. Bí fóònù náà bá ní app ìtọ́jú tirẹ̀ tó ń fọ nǹkan kúrò, ẹ yọ WhatsApp kúrò nínú àwọn tó ń pa. Ẹ tún wo aago: bí ọjọ́ tó wà lórí fóònù kò bá tọ̀nà, WhatsApp lè kọ̀ láti so mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ jẹ́ kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa fi aago sí i fúnra rẹ̀.

Ẹ ronú dáadáa kí ẹ tó so fóònù ọmọọṣẹ́ mọ́ àkáǹtì yín. Ẹ̀rọ tí ẹ bá so pọ̀ ń rí gbogbo ọ̀rọ̀, ti oníbàárà àti ti ẹbí. A gbà yín níyànjú pé kí ẹ fi WhatsApp Business sórí láìnì ọjà, kí WhatsApp lásán wà lórí láìnì ilé. Àwọn méjèèjì lè wà nínú fóònù kan. Ti ọjà nìkan ni ẹ máa so mọ́ fóònù ọmọọṣẹ́.

Orúkọ àwọn ènìyàn

Orúkọ tí ẹ bá tọ́jú sórí síìmù kò ní dé ẹ̀rọ mìíràn, ọ̀pọ̀ síìmù kì í sì í gbà ju 250 lọ. Ẹ wọ app Contacts, kí ẹ fi àkáǹtì Google ṣe ibi tí orúkọ tuntun á máa lọ, kí ẹ kó ti síìmù wọ inú rẹ̀. Àkáǹtì kan náà ni kó wà lórí fóònù méjèèjì. Ẹ kọ gbogbo nọ́ńbà pẹ̀lú +234, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, WhatsApp lè má mọ ẹni náà nígbà tí ẹ bá wà lórí láìnì ilẹ̀ òkèèrè.

Ìdánwò, àti ilẹ̀kùn tí ẹ gbọ́dọ̀ tì

Ẹ yá fóònù ẹlòmíràn, kí ẹ fi pe A ní ìgbà mẹ́ta. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ jẹ́ kó dún láìgbé e, kí ẹ ka iye ìṣẹ́jú àáyá tó gbà kí B tó dún. Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ pa fóònù A pátápátá, kí ẹ dúró ní ìṣẹ́jú kan kí ẹ tó pè. Ẹ má kàn yọ bátìrì: fóònù tó kú lójijì kò ráyè sọ fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì pé òun ń lọ, ìpè lè máa wá a fún ìgbà díẹ̀ kó tó yà sí B. Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ wà lórí ìpè, kí ẹlòmíràn tún pè wọlé, kí ẹ kọ ìpè náà.

Àwọn oníjìbìtì mọ àwọn kóòdù yìí dáadáa. Wọ́n á pè, wọ́n á ní àwọn ń gbé ẹrù bọ̀ tàbí pé láti báńkì ni, wọ́n á ní kí ẹ tẹ *21* tàbí **21* pẹ̀lú nọ́ńbà kan kí “láìnì yín má baà tì”. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, gbogbo ìpè yín ti di tiwọn. Wọ́n á wá ní kí WhatsApp fi ìpè sọ kóòdù ìwọlé, ìpè náà á lọ bá wọn, wọ́n á sì gba àkáǹtì. Ẹ má ṣe tẹ kóòdù tí àjèjì bá kà fún yín rárá. Bí ẹ bá fura, *#21# ló máa sọ òótọ́, ##002# sì ń pa gbogbo ìdarí rẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó máa pa èyí tí ẹ̀yin fúnra yín fi síbẹ̀ rẹ́ pẹ̀lú, ẹ ó sì tún un tẹ̀. Ẹ tan “Two-step verification” nínú WhatsApp, pẹ̀lú nọ́ńbà mẹ́fà tí kì í ṣe ọjọ́ ìbí. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ ṣí “Linked devices”: orúkọ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan àti ìgbà tó ṣiṣẹ́ kẹ́yìn ló wà níbẹ̀. Èyí tí ẹ kò bá mọ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ mú “Log out”.

Bí wọ́n bá jí fóònù olórí, ẹ fi láìnì tó wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà pẹ̀lú A pe 300 kí wọ́n ti láìnì A pa, nítorí ti báńkì. Ẹ pe báńkì náà. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ mú NIN lọ gba síìmù tuntun. Bó bá ti ń ṣiṣẹ́, ẹ fi nọ́ńbà A wọ WhatsApp lórí fóònù tuntun, ti ọwọ́ olè á jáde. Ẹ wo “Linked devices” bóyá ẹ ní láti tún so kọ̀ǹpútà àti fóònù B padà, kí ẹ sì tẹ *#61#, *#62# àti *#67# láti mọ̀ bóyá àwọn àṣẹ yín ṣì wà lórí láìnì náà.